Ta Ló Pa Ewé Igbó Láró?

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ewé ló fà á. Ewé igbó ni, èyí tí ìjọba fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan níwèé àṣẹ láti máa gbìn fún ilé oògùn. Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ta yìnyín.

Káfíńtà ló pẹjọ́. "Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Ara igi kan ṣoṣo la ti gé ẹ̀ka tí àwa méjèèjì gbìn. Tèmi tutù yọ̀yọ̀, tirẹ̀ di elésè-àlùkò! Bí kò bá pa á láró, a jẹ́ pé ó jí tẹlòmíì gbé. Ilé oògùn sì ní àwọn ò ní gba oríṣi méjì. Kó kó yìnyín rẹ̀ jáde nílé bàbá wa lónìí!"

"Ìwọ ńkọ́, oníyìnyín?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Òtútù ló mú un."

"Òtútù mú ewé?"

"Ẹ̀gbẹ́ yìnyín ni mo gbé e sí. Ṣé ètè èèyàn kì í yí àwọ̀ bí òtútù bá mú un ni? Mo tilẹ̀ fi ìborùn mi bò ó, ó ní kò tó."

"Ta ló ní kò tó?"

"Ewé ni, Kábíyèsí."

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pe àbúrò ìyá káfíńtà wá jẹ́rìí.

"Ojú mi báyìí ló ṣe! Ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín gan-an ló ti pọ́n."

"Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Rárá o, mo rìnrìn àjò."

"Ìyá, ẹ jókòó."

Ó kan alágbàfọ̀ àdúgbò. "Mo fi ọṣẹ fọ ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọ̀ ò ṣí, ọwọ́ mi ló bó. Ṣùgbọ́n aró ni o!"

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Káfíńtà ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Ikọ́ gbé káfíńtà.

Kábíyèsí ní, "Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Káfíńtà, gbé ewé tìrẹ wọ yàrá tí àbúrò rẹ ń kó yìnyín sí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ náà á máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, láìwọ ẹ̀wù. Bí ewé bá yí àwọ̀, àbúrò rẹ jàre, kò kúrò nílé."

"Kábíyèsí, bó bá jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ yí àwọ̀ ńkọ́?"

"A ó gbé ọ lọ sílé oògùn, kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò bóyá oríṣi kan náà ni ìwọ àti àbúrò rẹ."

Káfíńtà yíjú sí àbúrò rẹ̀ wìrì. "Ìyá mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí yìnyín rẹ wà nílé. Mo ti gbà, òtútù ni!"

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ṣùgbọ́n akọ́dà ọba ti ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù káfíńtà.