Aṣọ Tí Mo Rán fún Kọ̀ǹpútà Tóbi

Ọjọ́ kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ fẹ́ kó kúrò. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lẹ́yìnkùlé wa ní àdúgbò Keteren Gwari, ní Minna, nígbà tí Màmá Hawa, aládùúgbò mi, yọjú.

"Ìyá Tóbi, wallahi, ẹ lọ mú ọmọ yín. Wọ́n tún ti lé e kúrò lójú fèrèsé."

Fèrèsé ilé Sàní, ọmọ àdúgbò wa, ni. Géèmù eré mọ́tò wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, Tóbi mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a sì máa dúró níta wòran. Nígbà tó wọlé, kò sunkún. Ó kàn ní, "Màmá, ṣé àwa náà máa ní tiwa?" Ká ní ó sunkún ni, ì bá sàn fún mi. Mo ní, "Tìẹ máa ju tiwọn lọ. Wàá lò ó títí dé yunifásítì." Ẹnu mi nìyẹn!

Mo jáde sẹ́kọ́ńdírì o, àmọ́ iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kò kún ṣíbí. Nígbà tí ọwọ́ mi tẹ nǹkan díẹ̀, mo lọ bá Bọ̀dá Ráájí, ará Ìlọrin tó ń to kọ̀ǹpútà nítòsí ọjà Kure. Mo ní kó bá mi to èyí tó máa gbé géèmù dáadáa, tó sì máa pẹ́. Mo ń fi ìka kan àwọn àpótí tó ń to kọ̀ǹpútà sí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra ìkòkò. Èyí tó wúwo jù ni mo mú. Ó ní káàdì tó ń gbé àwòrán jáde ni kí n má ṣahun sí. Mo gbà. Ló bá kó fáànù mẹ́ta sílẹ̀.

"Fáànù mẹ́ta? Ṣé ó fẹ́ sùn ni?"

"Ìyá Tóbi, ooru ló ń pa á."

"Ẹ yọ méjì. Iná búlúù ni kí ẹ bá mi fi síwájú rẹ̀."

Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó fi iná sí i.

Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, ẹ sì mọ eruku Minna. Tóbi fúnra rẹ̀, súẹ́tà méjì ni mo máa ń wọ̀ fún un. Ṣé àlejò tuntun yìí ni n ó wá fi sílẹ̀ níhòòhò? Mi ò bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Mo tún rán aṣọ léèsì fún un, mo fi aṣọ òtútù tẹ́ inú léèsì náà. Iná búlúù nìkan ni mo yọ ojú fún.

Lọ́sàn-án Sátidé, Tóbi pe Sàní wá. Mọ́tò ń sáré, Sàní ń pariwo, "Kai!" Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ní ó ń kọrin ni. Ó kú. Mo ní eruku ló wọ̀ ọ́, mo fi ìborùn mi lé e. Wọ́n tún tàn án. Orin náà di igbe, fáànù gbé etí léèsì mi mì, òórùn rọ́bà jíjó gba ilé kan. Mo sáré fa wáyà yọ.

Sàní bú sẹ́rìn-ín. "Màmá ẹ rán aṣọ Sallah fún kọ̀ǹpútà!"

Omi ti lé sójú Tóbi, síbẹ̀ ó ní, "Ìyá mi ló rán an. Ta ló rán tìẹ?"

Èmi àti Tóbi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá Ráájí fa òwú léèsì jáde nínú fáànù bí ẹni ń fa ìfun adìẹ. "Káàdì àwòrán ti jó. Ìyá Tóbi, kọ̀ǹpútà kì í ṣe amarya, ìyàwó tuntun tí à ń bò lójú." Àpótí mi tó wúwo ńkọ́? Kò sóhun tó ṣe é. Iná búlúù náà ṣì ń tàn yòò. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi rán aṣọ kí káàdì mìíràn tó wọlé, pẹ̀lú fáànù mẹ́ta. Ohun tí a bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ jẹ́ kó ráyè mí.

Bí a ti ń padà sílé láti ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Ráájí lọ́jọ́ tí káàdì jó náà, mo dá Tóbi dúró lójú ọ̀nà. Mo ní, "Má bínú, ọkọ mi. Ó ń ké, mo ní orin ni. Bí mo bá bo ìwọ náà jù, pariwo kí n gbọ́."

"Màmá, ooru ti ń mú mi látàárọ̀."

Ẹ̀rín pa mí tẹkún tẹkún. Mo ní, "Ó dáa, bọ́ súẹ́tà kan."

Ó bọ́ méjèèjì.