Tíṣà Ìbítóyè Lọ Ra Agboòrùn

Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, àwọn tíṣà mìíràn a gbéra lọ sí Ìlọrin, wọn a lọ náwó. Ti Tíṣà Ìbítóyè yàtọ̀ ní tirẹ̀: inú ọjà Kábà ló ti ń gbafẹ́, wọn kì í ṣáà gbowó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kan tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹ wò ó níwájú Bíllíkísù, Ìyá Ádámù, obìnrin tó ń ta ọjà àlòkù. Ìyá náà kò tíì tẹ́ ẹní rẹ̀ tán.

TÍṢÀ: Okun o, Ìyá Ádámù.

BÍLLÍKÍSÙ: Okun o, Tíṣà. Ẹ mà tètè jí o! Ṣé kò sí nǹkan?

TÍṢÀ: Àlàáfíà ni. Mo kàn ń gba atẹ́gùn kiri ni.

BÍLLÍKÍSÙ: Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí níjọ́sí tí ẹ fi gba àtùpà lọ́wọ́ Cecilia tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìdajì owó. Ó sunkún délé.

TÍṢÀ: Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Agboòrùn dúdú yẹn, èló ni?

BÍLLÍKÍSÙ: Ṣílè mẹ́fà.

TÍṢÀ: (ó káwọ́ lérí) Mẹ́fà! Ṣé páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀ ni?

BÍLLÍKÍSÙ: Ọ̀gá kan tó ń ṣí lọ ló tà á fún mi. Irin rẹ̀ kò dógùn-ún, aṣọ rẹ̀ kò lu.

TÍṢÀ: Ó lu o. Ẹ wo ihò níbí.

BÍLLÍKÍSÙ: Ibi tí ọ̀pá gbà jáde nìyẹn, Tíṣà!

TÍṢÀ: Ihò ṣáà ni. Ṣílè méjì.

BÍLLÍKÍSÙ: Ẹ máa lọ.

TÍṢÀ: Ó dáa, mò ń lọ. (kò kúrò lójú kan) Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi lẹni àkọ́kọ́ tó dúró síwájú ọjà yín lónìí. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ná ọjà tí kò rà á, ẹ mọ bí ọjọ́ náà ṣe ń rí. Eṣinṣin nìkan lẹ ó máa lé títí ọjà yóò fi tú.

BÍLLÍKÍSÙ: Háà! Abájọ tí ẹ fi ń jí ṣáájú àkùkọ!

TÍṢÀ: Èmi kọ́ ni mo dá àṣà yẹn sílẹ̀. Èmi kàn ń tètè jí ni.

BÍLLÍKÍSÙ: (ó bú sẹ́rìn-ín) Ẹ ti pẹ́ jù! Bí mo ṣe kírun àárọ̀ tán báyìí, mo ta abẹ́rẹ́ kan fún Cecilia. Cecilia náà ta iyọ̀ kọ́bọ̀ kan fún mi. Gbogbo obìnrin ìlà yìí la ti ṣí ọjà fún ara wa nítorí yín. Wàláì, ìpàdé la ṣe.

TÍṢÀ: Ìpàdé? Lórí èmi?

BÍLLÍKÍSÙ: A tiẹ̀ jẹ mọ́sà níbẹ̀.

(Tíṣà rọra jókòó sórí àpótí.)

TÍṢÀ: Ìyá Ádámù, ẹ ṣàánú mi. Lọ́la ni mò ń lọ kí àwọn òbí Rónkẹ́, ọmọ tí mo fẹ́ fi ṣaya, ní Ponyan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, òjò pa mí débi pé aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lára. Bàbá rẹ̀ wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní kí wọ́n bi apẹja yìí bóyá ẹja rẹ̀ tútù.

BÍLLÍKÍSÙ: Yéè!

TÍṢÀ: Oyèbánjí wolé-wolé náà sì ń lọ síbẹ̀. Agboòrùn méjì lòun ní!

BÍLLÍKÍSÙ: Ẹ fẹ́ràn ọmọ yìí lóòótọ́?

TÍṢÀ: Oorun kì í kùn mí mọ́.

BÍLLÍKÍSÙ: Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ju owó lọ?

(Tíṣà ronú. Ó tún ronú.)

TÍṢÀ: Wọ́n sún mọ́ra.

BÍLLÍKÍSÙ: Ẹ dákun, ẹ mú ṣílè márùn-ún wá, kí ẹ máa lọ.

TÍṢÀ: Mẹ́ta.

(Àrá sán. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán.)

BÍLLÍKÍSÙ: Mẹ́fà.

TÍṢÀ: Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe márùn-ún ni!

BÍLLÍKÍSÙ: Kí òjò tó dé nìyẹn.

TÍṢÀ: Mẹ́rin!

(Òjò dà wìì.)

BÍLLÍKÍSÙ: Méje.

TÍṢÀ: Mẹ́fà! Mo gbà, mo gbà! Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́!

(Ó tú owó lẹ́yọ-lẹ́yọ jáde láti inú aṣọ ìnujú, ó ń wo ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dágbére. Ó gba agboòrùn náà, ó nù ún, ó fi bébà wé e tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, ó sì dá a padà fún Bíllíkísù.)

BÍLLÍKÍSÙ: Kí tún ni? Ẹ ṣí i, kí ẹ máa bá a lọ sílé.

TÍṢÀ: Nínú òjò yìí? Agboòrùn ṣílè mẹ́fà? Ẹ fẹ́ kó tutù ni! Ti Ponyan nìyí. Ẹ bá mi gbé e síbi gbígbẹ, mò ń bọ̀ wá mú un lọ́la.

BÍLLÍKÍSÙ: Kí lẹ wá fẹ́ fi borí délé?

TÍṢÀ: Ewé kókò tó wà lẹ́yìn àtíbàbà yín yẹn, èló ni?

BÍLLÍKÍSÙ: Kái! Ọ̀fẹ́ ni, Tíṣà. Ta ló ń ra ewé kókò?

(Tíṣà já ewé kan tó fẹ̀ dáadáa, ó fi borí. Ó gbẹ́sẹ̀ kan sínú òjò, ó dúró, ó yíjú padà.)

TÍṢÀ: Ìyá Ádámù, ẹ fi èènì sí i.