Rufus Rọ Ológbò Lóògùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Rufus fún yín. Gbogbo àdúgbò Arakale ló ń pè é ní Dókítà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ péré ló lò ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní Oǹdó, àmọ́ tó bá ń ròyìn ibẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló dá oògùn sílẹ̀. Ìgbà Sáàpù nìyẹn, tí ètò ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n gógó, ta ló rówó ọsibítù san? Bí orí bá ti ń fọ́ ará àdúgbò, ó di ọ̀dọ̀ Rufus.

Lọ́jọ́ kan, ológbò Ìyá Wúrà, tó ń ta ẹ̀wà ní Ọjà Ọba, bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, ló bá gbé e tọ Rufus lọ. Ológbò yìí nìkan ni kò jẹ́ kí eku kó àpò ẹ̀wà méjì jẹ, àpò méjì yẹn sì ni gbogbo ohun tó kù tí obìnrin náà ní.

"Ìyá Wúrà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ara ló ń ro ó. Parasitamọ́ọ̀ ni!"

"Dókítà, ṣé oògùn èèyàn bá ológbò mu?"

"Ológbò àti ọmọ oṣù mẹ́ta, kí ni ìyàtọ̀? Ìdajì hóró!"

Ó lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ. Ológbò kọ̀, kò mu. Ni ọkùnrin wa bá jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ológbò sórí itan, ó ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì rọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ tuntun lágbo. Ológbò ya á lọ́wọ́ yánnayànna, ṣùgbọ́n oògùn wọlé.

"Ẹ rí i?" ló ń sọ fún àwọn tó ń wòran. "Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn!"

Kí oòrùn tó wọ̀, ojú ológbò ti wú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, èrìgì rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá Wúrà bú sẹ́kún. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló gbé gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, obìnrin kan tó ń jẹ́ Adépéjú.

"Dókítà Rufus nìyí," ni Rufus wí. "Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe."

"Ẹ káàbọ̀. Kí ló jẹ?"

Rufus wojú Ìyá Wúrà, ó wolẹ̀. "Bóyá... bóyá àwọn ọ̀tá ló fún un ní májèlé."

"Májèlé wo? Bí mi ò bá mọ ohun tó jẹ, mi ò lè mọ oògùn tí mo máa lò. Á kú mọ́ wa lọ́wọ́!"

"Ẹ gbà mí o," ni Ìyá Wúrà ń ké. "Òun ló ń ṣọ́ ulé mi!"

Àánú rẹ̀ ṣe Rufus, òógùn bò ó. "Parasitamọ́ọ̀ ni, Mà. Ìdajì."

"Ha! Fún ológbò? Ara tiwọn ò lè pa oògùn yẹn rẹ́ bíi tiwa. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ wọn ló ń bà jẹ́, kò sí pé ó kéré. Òpè wo ló fún un?"

"Èmi ni, Mà."

"Ẹ̀yin dókítà? Ọsibítù wo lẹ wà?"

"Ìgò ni mo fọ̀ ní kẹ́míìsì, Mà."

Adépéjú ò dúró gbọ́ ìyókù, ó ti sáré gbé abẹ́rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi du ẹ̀mí ológbò. Lọ́jọ́ kẹta ló jẹ ẹja, Ìyá Wúrà sì fò sókè fún ayọ̀.

Ọwọ́ Rufus tí ológbò ya ti wú nígbà náà. Adépéjú bá a wẹ ojú egbò náà.

"Ó ń ro mí gan-an, Mà. Kí ni kí n lò?"

"Parasitamọ́ọ̀. Hóró méjì."

Rufus fà sẹ́yìn. "Mà, ṣé kò ní pa mí?"

Ìyá Wúrà ti jókòó, ó ti na ẹsẹ̀, ó ti ká àtẹ́lẹwọ́.

"Rufus," ló wí, "wá sórí itan mi, jàre."