Olùkọ́ Ìfọ̀kànbalẹ̀ àti Kọ́kọ́rọ́ Mùíbì

Bí ẹ bá gbé Apo, ní Àbújá, ní ọdún 2014, tí ẹ sì ń wáṣẹ́, ẹ mọ Hezekiah Ọbayẹmí. Bí ẹ kò bá wá a, òun ni yóò wá yín wá. Ọbayẹmí Òkun-tí-kì-í-ru! Ọbayẹmí Àpáta-ìbàlẹ̀-ọkàn! Ẹ má bi mí pé ta ló kì í bẹ́ẹ̀. Ara káàdì tí òun fúnra rẹ̀ ń pín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kà á.

Lọ́jọ́ Sátidé gbogbo, ó máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bí a ṣe ń fọkàn balẹ̀ níwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò fún iṣẹ́. Òun náà kò níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì ṣòro. Omi ni.

"Tí ẹ̀rù bá dé, ẹ mu omi. Tó bá tún dé, ẹ tún mu. Ikùn tó kún fómi, ibo ni ẹ̀rù yóò jókòó sí?"

Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ á tẹrí ba bí ẹni pé òun ló gbẹ́ odò.

Ànú, ọmọbìnrin kan láti Orozo lẹ́yìn odi Àbújá, wà lára wọn. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wáṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kò lókun mọ́, àbúrò méjì sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba kan pè é fún íńtáfíù, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó fi ayọ̀ gbé lẹ́tà náà tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Kò sọ fún ọmọ náà pé irú lẹ́tà yẹn gan-an wà nínú Bíbélì òun.

"Aago mẹ́wàá kẹ̀? Àwọn tí ẹ̀rù ń bà ni wọ́n kọ ìyẹn fún. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ní Àbújá? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, aago méjì ló ń dé. Jẹ́ kí wọ́n máa retí rẹ."

"Ẹ ṣé, sà."

Ṣùgbọ́n ará Apo kò mọ Orozo. Ẹni tó ń gba Nyanya kọjá, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti ń di ọ̀nà, kì í bá aago ṣàdéhùn. Nítorí aago méjì ọ̀sán yẹn, ìyá Ànú ti lé e jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọlọ́run ṣe é, ọ̀nà dá. Ní aago mẹ́sàn-án, ó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléeṣẹ́ náà, lórí àjà karùn-ún. Ta ló wọlé? Òkun-tí-kì-í-ru, nínú kóòtù dúdú, ó gbé odindi àpò omi inú ọ̀rá dání.

"Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ̀yin náà wá?"

"Ha! Ànú! Mo... mo wá gbàdúrà fún ọ ni."

Akọ̀wé yọjú. "Hezekiah Ọbayẹmí, nọ́ńbà kẹtàlá. Ànú Ọlábímtán, nọ́ńbà kẹrìnlá."

Ànú wò ó títí. "Olùkọ́, àdúrà náà gba nọ́ńbà?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ feyín ya ọ̀rá omi kan, ó gbé e mì. Wọ́n pe ẹni àkọ́kọ́ wọlé, ó tún ya òmíràn. Nígbà tí yóò fi kan ẹni kẹjọ, ọ̀rá òfìfo mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ àga rẹ̀.

"Ẹ rọra o, sà," ni Ànú wí.

"Ìfọ̀kànbalẹ̀ nìyẹn," ló dáhùn.

Nígbà tó di aago kan, àwọn Mùsùlùmí lọ kí Jímọ̀. Àwọn tó kù nínú ìgbìmọ̀ tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò ń bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n pe nọ́ńbà kẹtàlá. Màdáámú Rosemary, alága ìgbìmọ̀, rẹ́rìn-ín sí i.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí, ẹ kọ ọ́ síbí pé olùkọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ ni yín. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa."

Olùkọ́ fi ẹsẹ̀ kan lọ́ èkejì.

"Màdáámú, ẹ jọ̀wọ́... ilé ìtọ̀ yín ńkọ́?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sá jáde, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ ti mọ ìyókù. Ilé ìtọ̀ wà ní títì.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Mùíbì, ìránṣẹ́ ọ̀gá," ni akọ̀wé wí.

"Mùíbì dà?"

"Ó lọ kí Jímọ̀."

"Àwọn àjà tó kù ńkọ́?"

"Ọwọ́ Mùíbì náà ni."

Olùkọ́ wo àtẹ̀gùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ báyìí, ó parí. Ó di ògiri mú. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi pe Ànú wọlé. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́.

"Ànú, kí lo máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́?"

"Mo máa ń bẹ̀rù náà ni, mà. Ó ń bà mí báyìí. Ṣùgbọ́n mo máa ń tètè dé."

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi í ní ìbéèrè bíi mélòó kan sí i, ó dáhùn. Nígbà tó yá, ohùn Màdáámú tún dún: "Ọjọ́ wo lo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

Ìyẹn ni Olùkọ́ gbọ́ tó fi gbàgbé ara rẹ̀. Òkun-tí-kì-í-ru ru. Omi ọ̀rá mẹ́sàn-án gba inú ṣòkòtò sọ̀kalẹ̀, ó gba orí bàtà, ó sì ń ṣàn lọ lórí táìlì jẹ́jẹ́, láìkánjú, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn èèyàn gbé báàgì wọn sókè. Màdáámú fúnra rẹ̀ dìde wá wò ó lẹ́nu ọ̀nà.

Àkókò yẹn ni Mùíbì gòkè dé, ó ń mí hẹlẹ, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so mọ́ igi pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sànnu o!" ó fi èdè Haúsá kí wọn. "Wọ́n ní ẹnì kan ń wá kọ́kọ́rọ́. Ta ni?"

Gbogbo ìka ló nà sí Olùkọ́. Mùíbì wo ojú rẹ̀. Ó wo ṣòkòtò. Ó wo ilẹ̀. Ó rọra dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò.

"Kai," ló wí. "Mọ́ọ̀pù ló kù."