Ẹ̀wù Tí Ọ̀pátọ́lá Gbé Kọ́ Igi

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn? Ẹ má wulẹ̀ ronú lọ sọ́dọ̀ àwọn olówó àti agbádá wọn. Agbádá kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ojú títì ni òwe yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà Ìrágbìjí, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀pátọ́lá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ara ọ̀nà.

Iṣẹ́ Ọ̀pátọ́lá ni kí ó máa fi ọ̀pá wọn ilẹ̀, kí ó sì máa fi ibi tí wọn yóò da iyẹ̀pẹ̀ pupa sí han àwọn awakọ̀ típà. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni fáàrí. Káàkí ló máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́, tòkè-tilẹ̀, wọ́n á ti fi sítáàṣì sí i, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró fúnra rẹ̀. Àwọ̀ káàkí náà sì jọ àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Fadérera, tí ilé-iṣẹ́ gbà láti máa mójú tó ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó gbé ẹ̀wù àwọ̀lékè kan wá, aláwọ̀ ọsàn, tó pọ́n yòò, tí wọ́n rán ọ̀já funfun tó ń kọ mànà mọ́ àyà àti èjìká rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ pa á dé níwájú, ẹ má sì fi aṣọ mìíràn bò ó. Bó bá dọ̀tí, ẹ fọ̀ ọ́. Bó bá sì ti ń ṣá, ẹ pè mí, n ó fún yín ní tuntun. Ẹni tó wà lórí típà gbọ́dọ̀ ti rí yín lókèèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Ọ̀pátọ́lá wo ẹ̀wù náà tìkà-tẹ̀gbin. "Ọmọ mi, ṣé ìbẹ́pẹ pípọ́n lo fẹ́ fi mí ṣe ni? Ta ni kò mọ̀ mí lójú ọ̀nà yìí? Bí mo bá wúkọ́ lásán, awakọ̀ á mọ̀ pé èmi ni."

"Bàbá, awakọ̀ kì í gbọ́ ikọ́ nínú típà."

Ó wọ̀ ọ́ nítorí ojú ọmọ náà. Bí Fadérera ṣe gun ọ̀kadà rẹ̀ tó yí kọ́nà báyìí, Ọ̀pátọ́lá bọ́ ẹ̀wù, ó gbé e kọ́ igi kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì fi àṣíborí rẹ̀ dé igi náà lórí. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i láyà. Ara tù ú. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó lóṣòó, ó ń wọn ilẹ̀.

Kò pẹ́, injiníà àgbà ń kọjá lọ nínú mọ́tò. Ó yọ ọwọ́ lójú fèrèsé. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú oòrùn!"

Ọ̀pátọ́lá dìde tẹ̀ríntẹ̀rín, ó na ọwọ́ sókè. Ìgbà náà ló rí i pé ojú injiníà kò sí lọ́dọ̀ òun. Igi ló ń kí! Ó tilẹ̀ tún fi kún un pé, "Aṣọ yẹn yẹ yín gan-an ni!" kó tó wakọ̀ lọ.

Ẹnu Ọ̀pátọ́lá là sílẹ̀, kò ṣe é pa dé. Ó wo igi. Igi kò sọ nǹkan kan. "Ojú ló ń dun ọ̀gá," ó wí fún ara rẹ̀, ó sì tún lóṣòó.

Ẹ̀yìn èyí ni Àdùnbí dé. Àdùnbí ni ìyàwó rẹ̀, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń sùn tí wọ́n jọ ń jí. Ó gbé abọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ àti ẹ̀kọ lọ́wọ́. Láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà lọ́hùn-ún ló ti kúnlẹ̀. "Bàbá Ìgè, ẹ kú iṣẹ́ o."

Igi ló kúnlẹ̀ fún. Kò gbọ́ èsì.

"Bàbá Ìgè, ṣé ẹ ṣì ń bínú ni? Ó dáa, n ó jẹ́wọ́. Ológbò kọ́ ló jẹ ẹran yẹn. Èmi ni."

Orí Ọ̀pátọ́lá wú. Ológbò tí òun ti lé kúrò nílé láti oṣù mẹ́ta! Ó la ẹnu láti pariwo, àmọ́ ariwo mìíràn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Típà Sàláwù, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tó ń kó iyẹ̀pẹ̀, ló ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Sàláwù wo dígí, ó rí àwọ̀ ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Bàbá rèé níbẹ̀ yẹn," ó wí. "Ẹ̀yìn mi mọ́." Ó fa irin, ẹ̀yìn típà gbéra sókè.

Ọ̀pátọ́lá rí òkè pupa kan tó ń wó bọ̀ látojú ọ̀run. Ó fò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ráyè fò. Gbàràgàdà! Iyẹ̀pẹ̀ bò ó dé àyà. Ọ̀pá ìwọnlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Èémí rẹ̀ há. Àṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí, kí ènìyàn kú lọ́sàn-án gangan, lójú ìyàwó rẹ̀, kí ìyàwó sì máa bẹ igi lọ!

"Ẹ gbà mí ooo!"

Sàláwù bẹ́ sílẹ̀, ó rí orí pupa kan tó ń ké látinú ilẹ̀. "Háà! Ilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀!" Ó sá wọ abẹ́ típà rẹ̀. Àdùnbí da ọ̀jọ̀jọ̀ nù, ó sá lọ bá ẹni tó rò pé ọkọ òun ni kó lè gba òun sílẹ̀, ó sì dì mọ́ ọn gbágbá. Àṣíborí yí gbirigbiri lọ sínú gọ́tà. Ẹ̀wù já bọ́. Igi lásán ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè! Wọ́n ti sọ ọkọ mi di igi!"

"Àdùnbí, èmi rèé!" orí pupa náà ké.

"Ìwọ ta ni?"

"Ọkọ rẹ! Ọkọ rẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ológbò!"

Ìgbà yẹn ni Àdùnbí mọ̀ pé ọkọ òun ni lóòótọ́. Òun àti Sàláwù fi ọwọ́ wú iyẹ̀pẹ̀ títí wọ́n fi yọ ọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wú. Fadérera ti gbọ́ ariwo, ó ti sáré padà dé. Kó tó la ẹnu, Ọ̀pátọ́lá na ọwọ́ síta.

"Ọmọ mi, má sọ nǹkan kan. Ẹ̀wù yẹn dà?"

Ó wọ̀ ọ́, ó pa á dé títí dé ọrùn. Sàláwù nu ojú, ó wò ó, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Háà, Bàbá! Ẹ kú iṣẹ́ o! Níbo lẹ ti wà látàárọ̀?"

Ọ̀pátọ́lá wo ẹ̀wù, ó wo Sàláwù, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì mi orí títí.

Ohun tó sì sọ lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀: aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wọ káàkí, kó lọ lóṣòó sẹ́yìn típà.