Ìwé Kérésìmesì tí Oyèníran rà bí ẹni ra iṣu

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, àti ẹ̀yin ọkọ wọn tí ẹ ti múra àtilọ ra ìwé ọdún fún àwọn ọmọ yín, ẹ dúró ná. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà ìlú yìí fi ń pa á lówe pé èèpo là ń wò ká tó ra iṣu, ìparí là ń wò ká tó ra ìwé ọmọdé? Ẹ kàn ń pa á lẹ́nu ni. Ẹ rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú agboolé wa níbí, ní Ìrágbìjí, ni wọ́n ti bí òwe náà, ìṣojú mi ni wọ́n sì ṣe bí i. Kò sì sí ẹni tó lè já mi nírọ́, torí àwọn tó dàgbà jù mí lọ níbẹ̀ ti kú, àwọn tí mo sì dàgbà jù lọ kò tó bẹ́ẹ̀.

Oyèníran, àbúrò mi, ló ni ọ̀rọ̀ náà. Iṣu ló ń tà. Láti ibí dé Ìkìrun, kò sí ẹni tó mọ iṣu yàn bíi tirẹ̀. Yóò gbé iṣu sókè, yóò fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mejì, yóò gbóòórùn ìdí rẹ̀, yóò wá ní, "Èyí dùn," tàbí, "Èyí ti kú láti inú." Kì í bó o. Bí oníbàárà bá yọ ọ̀bẹ pé kí òun ha á díẹ̀ wò, ìjà dé nìyẹn. Yóò ní, "Ṣé o máa ń la orí ọmọ rẹ wò kí o tó mọ̀ pé ó ní ọpọlọ?"

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, Fẹ̀hìntọlá. Olùkọ́ ni; àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò tíì lè nu imú ara wọn ló ń kọ́. Òun ló mú àṣà ìwé ọdún wọ ilé wa. Lọ́dọọdún, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì Kérésìmesì dé, kí a tó bu oúnjẹ, yóò kó gbogbo ọmọ ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì ka ìwé aláwòrán tuntun kan fún wọn. N kò rí ọdún tí ìwé náà kò dùn mọ́ wọn.

Mo bá a lọ sí ilé ìtàwé ní Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ ló jókòó sí! Obìnrin tó wọ aṣọ tó mọ́, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka ìwé ọmọdé láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó ka ọ̀kan tán, ó gbé e tì, ó mú òmíràn. Èmi dúró bí òpó. Mo ní, "Fẹ̀hìntọlá, ṣé ìdánwò lo fẹ́ ṣe ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ọmọdé kò mọ̀ pé ìtàn ni o. Ohun tí a bá kà fún un lọ́jọ́ ọdún, inú rẹ̀ ló máa gbé títí ọdún mìíràn."

N kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ìjókòó ni mò ń wá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tí mò ń wí yìí, ibà ọjọ́ mẹ́rin gbé Fẹ̀hìntọlá lọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. N kò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. Àbúrò mi sin ẹni tó yẹ kó sin ín.

Ó fi ọmọ ọdún márùn-ún sílẹ̀ fún wa, Ìbídùnní. Baba ọmọ náà ti kú ṣáájú. Ẹ sì mọ ohun tí a máa ń sọ fún ọmọdé nílẹ̀ wa. Nígbà tó béèrè ìyá rẹ̀, a ní ó rin ìrìn àjò. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Èmi ni. Gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, ìgbà wo ló máa dé?" Mo ní, "Kò ní pẹ́." Ó lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì sunkún. Bí a bá fún un lóúnjẹ, ó jẹ. Bí a bá ní kó sùn, ó sùn. Bí ẹni tó wà ní ibùdókọ̀ ló rí.

Ọyẹ́ dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá bá Oyèníran níbi tó ti ń to iṣu. Ó ní, "Bàbá àgbà, ta ló máa ra ìwé ọdún mi?"

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà béèrè láti oṣù mẹ́rin nìyẹn. Iṣu bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ní, "Èmi! Èmi ni n ó rà á!"

Mo pè é sẹ́yìn ilé. Mo ní, "Àlàó," oríkì rẹ̀ nìyẹn, "jẹ́ ká jọ lọ. Kíláàsì kẹrin lo kà dé. Èmi kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ kó sinmi. Ẹni tó mọ iṣu yàn, kí ni kò lè yàn?"

Obìnrin tó ń tàwé ló wá ròyìn fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní bàbá kan wọlé, ó gbé ìwé kan sókè, ó wò ó bó ṣe wúwo sí, ó fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé etí tì í. Ó gbóòórùn ìdí rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Èyí kò tíì gbó." Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ ṣí i wò." Ó ní, "Ìyá, èmi kì í bó nǹkan kí n tó rà á." Nígbà tó yá, ó rí èyí tó wúwo jù. Wọ́n ya ilé kékeré kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, àtùpà ń tàn lójú fèrèsé, nǹkan funfun sì bo gbogbo ilẹ̀. Àbúrò mi pariwo. Ó ní, "Láfún tó kúnná báyìí, tí wọ́n dà sílẹ̀! Ilé ọlọ́rọ̀ nìyí. Ìtàn inú rẹ̀ á dùn."

Ó gbé e wálé nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Mo ní kó jẹ́ ká tú u wò. Ó ní ẹ̀bùn ọdún ni, a kì í tú u kí ọdún tó pé.

Ọjọ́ Kérésìmesì pé. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìrẹsì ti jinná, adìyẹ mẹ́ta ti di ọbẹ̀. Àwọn ọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìbídùnní wà níwájú. Èmi ni mo gba ipò Fẹ̀hìntọlá. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé náà, mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Ohùn mi dùn lọ́jọ́ náà, inú mi sì ń dùn sí i.

Mo kà pé, "Ọmọbìnrin kan wà. Ìyá rẹ̀ rin ìrìn àjò."

Ìbídùnní sún mọ́ mi.

"Nígbà tí Kérésìmesì dé, ó gbé àtùpà sí ojú fèrèsé. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ọdún títí ìyá òun yóò fi dé."

Mo gbójú sókè. Oyèníran ń wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n pa ìwé náà dé. Mo lè pa irọ́ mìíràn mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ta ló gbọ́ òyìnbó níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ìgbéraga mi kò jẹ́. Ohun tí wọ́n kọ, òun ni n ó kà. Mo ṣí ojú ewé ìkẹyìn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ọmọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ìbídùnní kò pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó lọ bá bàbá rẹ̀ àgbà, ó ní, "Àtùpà wa dà?"

Kí ni ká sọ? Ẹnu àwa náà la fi sọ pé ìrìn àjò ni. Oyèníran wọlé, ó tan àtùpà ní ọ̀sán gangan, ó gbé e sí fèrèsé. Ọmọ ní aṣọ funfun ńkọ́? Ó ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ọmọ ní nǹkan funfun tó wà nílẹ̀ ńkọ́?

Mo ní, "Òjò dídì nìyẹn. Kò sí níbí."

Kí n tó pa ẹnu dé, àwọn ọmọ tó kù ti ya wọ ilé ìdáná, wọ́n ti gbé odindi abọ́ láfún jáde, wọ́n sì ń dà á sílẹ̀ láti géètì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n tò wá.

Láwuyì, àbíkẹ́yìn ìyá wa, tí ikùn rẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kígbe láti inú ilé: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ìrẹsì ń tutù o!"

Ìbídùnní ní, "A kò tíì lè jẹun."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ni."

"Ìwé wo ló láṣẹ lórí adìyẹ?"

Oyèníran ní, "Láwuyì, jókòó."

Ọmọ náà lọ dúró sí ẹnu géètì, ó fi ìwé há abíyá. Àwọn tó ń kọjá rí àtùpà ọ̀sán, wọ́n rí ọ̀nà funfun. Wọ́n ní, "Àlejò wo lẹ ń retí?" Ìbídùnní ní, "Ẹni tó ti ìrìn àjò bọ̀ ni." Wọ́n dúró. Àwọn mìíràn bá wọn, wọ́n dúró. Ẹnìkan ní bíṣọ́ọ̀bù ni. Ẹlòmíràn ní ìjọba ni, wọ́n ń bọ̀ wá ṣí omi ẹ̀rọ. Kí á tó ṣẹ́jú, obìnrin márùn-ún ti gbé kẹ́ẹ̀gì wá tò. Nígbà tí aago mẹ́ta lù, Baálẹ̀ àdúgbò wa fúnra rẹ̀ dé, nínú agbádá àrán dúdú, pé àlejò ńlá kò gbọdọ̀ wọ̀lú kí òun máà sí níbẹ̀. Ó lọ dúró sí àárín ọ̀nà láfún náà.

Atẹ́gùn ọyẹ́ sì fẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi! Gbogbo láfún náà gbéra nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bà lé Baálẹ̀. Fìlà, irùngbọ̀n, ìpéǹpéjú, kò sí ibi tí kò funfun. Ewúrẹ́ kan ń lá bàtà rẹ̀. Ipò rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè fi ẹsẹ̀ lé e. Ó dúró gbọnyin, ó ní, "Oyèníran, ta ni à ń retí tó tóbi jù mí lọ báyìí?"

Ìbídùnní ló yíjú padà. Ó ní, "Màmá mi ni."

Kò sí ẹnì kan nínú èrò yẹn tí kò bá wa dé ibojì ní oṣù kẹjọ. Obìnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àbúrò mi rìn lọ bá ọmọ náà, ó kúnlẹ̀ sínú láfún pẹ̀lú aṣọ ọdún rẹ̀. Ó ní, "Ìbídùnní, màmá rẹ kò bọ̀. Kò rin ìrìn àjò. Ó kú ni, ọmọ mi. A ti sin ín. Ẹ̀rù ló ń bà wá láti sọ fún ọ."

Ọmọ wo ojú rẹ̀. Ó mú ìwé jáde lábíyá, ó ṣí ojú ewé ìkẹyìn. Ó ní, "Ẹni tó dé yìí ńkọ́?"

"Ìyá ọmọ mìíràn nìyẹn."

Ó wá ní, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ kò kà á dé ìparí kí ẹ tó rà á ni? Màmá mi máa ń kà á dé ìparí."

Oyèníran ní, "N kò kà á, ọmọ mi. Èèpo ni mo wò."

Ìgbà yẹn ni Ìbídùnní sunkún. Ẹkún oṣù mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń pe ìyá rẹ̀, àbúrò mi dì í mú, òun náà ń ké. Mo ké. Èrò ké. Omi ojú Baálẹ̀ bọ́ sínú láfún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di ọkà. Láwuyì ló ké jù. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ní, "Fẹ̀hìntọlá o!" Bó ṣe gbọ́wọ́ sókè báyìí ni itan adìyẹ kan jábọ́ láti inú agbádá rẹ̀, ajá gbé e, ó di eré. Láwuyì sáré tẹ̀lé ajá, ó ń sunkún lọ, ó ń ṣépè lọ.

Ìbídùnní rí i. Nínú ẹkún náà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kékeré báyìí. A gbọ́ ọ, gbogbo wa.

Baálẹ̀ nu ojú rẹ̀, ó nu ú títí, kò mọ́. Ó wá ní, "Oyèníran, gbọ́. Èèpo là ń wò ká tó ra iṣu. Ìparí là ń wò ká tó ra ìwé ọmọdé. Ẹ bu oúnjẹ fún ọmọ yìí." A bu ú. Ó jẹ ẹ́ lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ àgbà.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Oyèníran padà sí ilé ìtàwé náà. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó ń tàwé ní ó máa ń ka ìwé tán, yóò ní, "Ìyá wà nínú èyí," yóò gbé e tì. "Ìyá wà nínú èyí náà." Ó ní, "Kò ha sí ìwé tí kò sí ìyá nínú rẹ̀ ni?" Yóò fi etí agbádá nu ojú, yóò mú òmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó rí ọ̀kan tí ewúrẹ́ ti jẹ aṣọ Kérésìmesì gbogbo ará ilé tán, tí wọ́n fi wọ ewé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kà á dé ìparí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó rà á. Ìbídùnní rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ọdún náà títí ó fi dùbúlẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ òwe ti jáde, kò ṣeé dá padà. Ó bá Oyèníran dé ìsọ̀ iṣu. Àwọn oníbàárà ń yọ ọ̀bẹ sí i, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo ìparí rẹ̀." Kò sì lè bá wọn jà mọ́. Ó kàn máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ lọ ilé ìtàwé. Èèpo là ń wò ká tó ra iṣu."

Ẹ máa lọ o, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má gbá ìwé, ẹ má gbóòórùn rẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀, aṣọ kì í ṣe nǹkan. Ìparí là ń wò ká tó ra ìwé ọmọdé.