Bí Àjàní Dókítà Rédíò Ṣe Ṣẹ́gun Gílóòbù

Ẹ dìde, ẹ ṣí fìlà, ẹni tí kò bá dé fìlà kó fọwọ́ kan orí, nítorí orúkọ Gbádébọ̀ Àjàní, ọmọ Láwuyì, ni mo fẹ́ pè, orúkọ tó wúwo lẹ́nu débi pé èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kọ́kọ́ mu omi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àjàní Dókítà Rédíò! Akọni ẹ̀bá gáréèjì Ìkìrun! Ọkùnrin gìrìpá tí wáyà ń rí tó ń wárìrì! Ọmọ Láwuyì tó ń lẹ táyà, ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélógójì fẹ́ atẹ́gùn sínú kẹ̀kẹ́, sínú mọ́tò, sínú bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ iléèwé, tí kò sì sí ọjọ́ kan tó béèrè ibi tí atẹ́gùn ọ̀hún ń lọ. Ọmọ-ọmọ Akínpẹ̀lú tó ń pọ́n àdá fún gbogbo ìlú títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi ku mẹ́jọ. Irú ìran báyìí kì í bí ọ̀lẹ, bí wọ́n bá sì bí i, wọn kì í sọ fún wa.

Ọ̀tá tó dìde sí Àjàní kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Inú pálọ̀ Ìyá Arìnọlá ló ti yọ, opó kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ní rédíò ńlá onípákó tí ọkọ rẹ̀ rà nígbà tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ náà ni rédíò dákẹ́, ó sì ti di ọdún mẹ́tàlá.

“Àjàní ọmọ mi,” ni Màmá wí, “n ò ní kó kọrin fún mi o. Kó ṣáà fọhùn lẹ́ẹ̀kan sí i nínú pálọ̀ yẹn. Ilé yẹn ti dákẹ́ jù fún mi.”

Àjàní tú rédíò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé kò sí ohun tó ṣe é àfi ọ̀kan nínú àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀, èyí tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ń pè ní fáàfù. Nínú gílóòbù náà ni irin tín-ín-rín kan wà, kò tó igi ìṣáná, ohun funfun kan ni wọ́n sì kùn sí i lára. Bí iná bá mú irin yìí, ohun funfun náà ló ń tú agbára jáde tí rédíò fi ń sọ̀rọ̀. Ti Màmá ti bó tán. Wọn kì í sì í ta irú rẹ̀ mọ́, kì í ṣe n'Íbàdàn, kì í ṣe l'Ékòó.

Èèyàn lásán ì bá ní kí Màmá má bínú. Ṣùgbọ́n Tìámíyù tó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì títì ti rẹ́rìn-ín, àwa sì mọ ohun tí ẹ̀rín máa ń fi ọmọ Láwuyì ṣe. Àjàní na ọwọ́ sí pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n kọ “DÓKÍTÀ RÉDÍÒ: ÒKÚ Ń JÍ NÍBÍ” sí, ó sì búra lójú gbogbo gáréèjì: “Bí rédíò Màmá ò bá fọhùn lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ọwọ́ ara mi ni n ó fi sọ pátákó yìí kalẹ̀, kí Tìámíyù wá gbé tirẹ̀ kọ́!”

Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Kí lohun ìjà akọni wa? Ìwé kékeré kan ni, tó ti kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ olóògbé, Ọ̀gá Fásànyà, sí, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń jí irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ dìde. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju báyìí lọ: la ẹnu gílóòbù, po ẹfun Ba mọ́ nǹkan tó ń lẹ̀, kùn ún sára irin, fa atẹ́gùn inú gílóòbù tán, jẹ́ kí irin pọ́n, kí o sì dé e pa. Àjàní wo “Ba” títí, ó fi ọgbọ́n ìran rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí “bàbá”, ó gba ọjà lọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹfun bàbá. Ẹlẹ́fun wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó sì gbé odidi òkúta ẹfun tó tóbi jù fún un. Nǹkan tó ń lẹ̀ ńkọ́? Kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó rẹ̀ ni.

“Bàbá Ṣùlíyá, kútẹ́ẹ̀sì mi dà?” ni Múìbátù, ìyàwó rẹ̀, pariwo láti inú yàrá.

“Ó wà lójú ogun!” ni akọni dáhùn.

Ó yá ẹ̀rọ ìfatẹ́gùn lọ́wọ́ Sàká atúnfíríìjì, ó sì jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ wo bí ìran ṣe ń gòkè: bàbá ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé, ọmọ ń fà á jáde! Irin pọ́n, Àjàní dé gílóòbù, ó dá a padà sínú rédíò. Rédíò kò wí nǹkan kan. Lọ́jọ́rú, ó tún lọ ẹfun bàbá kúnná, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún kùn ún. Rédíò kò fọhùn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, Tìámíyù ti gbé tépù wá, ó ń wọn òpó pátákó.

Ìgbà yìí ni Múìbátù, tó ti ru àpò lẹ́búlẹ́bú ọ̀dà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe táìsì ilẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kó tó relé ọkọ, ṣèèṣì rí ìwé náà nílẹ̀.

“Ẹfun wo lẹ rà?”

“Ẹfun bàbá.”

“Èyí tí mo lá nígbà oyún Ṣùlíyá? Hẹ̀! Bàbá Ṣùlíyá, kí ni ọ̀gá yín ò pè ní ẹfun rí? Ṣọ́ọ̀kì tíṣà, ẹfun ni. Páúdà ọmọ tuntun, ẹfun ni. Ba yìí gan-an ni wọ́n kọ sára àpò tí mo rù títí orí mi fi pá. Báríọ́ọ̀mù ni! Èyí tí mo bù wálé níbẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì, òun ni mo fi ń pa eku. Ẹ má fọwọ́ kan ẹnu o, májèlé ni.”

Kò sí àyè fún ìyàwó nínú ìtàn akọni, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tètè gbàgbé ohun tí Múìbátù sọ, bí Àjàní ti gbàgbé ẹni tó sọ ọ́ kó tó dé ìdí tábìlì iṣẹ́.

Àárọ̀ Jímọ̀ mọ́. Akọni po lẹ́búlẹ́bú apeku mọ́ ìyókù kútẹ́ẹ̀sì, ó kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó di èémí mú, irin pọ́n, lẹ́búlẹ́bú tú èéfín tó wà nínú rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ Sàká fà á gbẹ, Àjàní sì fi iná dé ẹnu gílóòbù. Ìka rẹ̀ kan jó. Mẹ́sàn-án ló ṣì kù, ó fi ẹyọ kan ju bàbá ńlá rẹ̀ lọ.

Ó dá gílóòbù padà sínú rédíò, ó gbé e rù, gbogbo wa la sì tẹ̀ lé e dé pálọ̀ Ìyá Arìnọlá, Tìámíyù tòun ti òòlù lọ́wọ́. Àjàní yí rédíò síná. A dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, àpótí tó ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́tàlá fọhùn: “Ṣììììì.”

Ariwo sọ! Àjàní yí i sápá ọ̀tún, ṣìì. Ó yí i sápá òsì, ṣìì. Tìámíyù fi ẹnu sí i létí, ohùn rẹ̀ kò sì ní ẹ̀rín mọ́: “Ọ̀gá Àjàní, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́ o. Àwọn iléeṣẹ́ tí irú rédíò yìí ń gbọ́ ti palẹ̀ mọ́ tipẹ́.”

Èyí kò wá sọ́kàn akọni rí. Ó ti bá ẹfun jà, ó ti bá atẹ́gùn jà, kò béèrè bóyá ẹnì kan wà lódìkejì. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

“Ẹ dákẹ́!” Ìyá Arìnọlá ti gbọ́wọ́ sókè. “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀.” Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ọkọ rẹ̀ tó ṣófo, ó jókòó, ó káwọ́ lé itan, ojú rẹ̀ sì ń dán. Àjàní fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rédíò. Tìámíyù ki òòlù bọ àpò.

Nítorí náà, kí Ìkìrun gbọ́, kó dé Ìrágbìjí, kó dé Òkukù: Àjàní ọmọ Láwuyì ti ṣẹ́gun, rédíò ti fọhùn, pátákó kò ní kúrò níbi tó wà. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń gba ẹ̀yìn fèrèsé Ìyá Arìnọlá kọjá láti òní lọ, kó rọra tẹlẹ̀, kó má sì wí nǹkan kan. Ìròyìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀.